Àmín Tó Bọ́ Lẹ́nu Akíndélé

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo gbìyànjú láti fi ojú àánú sọ ìtàn yìí, ẹ̀rín ni kò jẹ́. Akíndélé fúnra rẹ̀ ló ní kí a gbé e jáde, kí ọmọ ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. A gba apá kìíní.

Ọmọ Iléṣà ni Akíndélé, ọmọ Bàbá Amos tó jẹ́ àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Nígbà tí Òṣogbo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí gbogbo ẹni tó ní bíríkì méjì ń kọ́lé, òun náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí Òkè-Fíà, ó gba ṣọ́ọ̀bù, ó ń tún rédíò àti tẹlifóònù ṣe. Kò sí ohun tó ní wáyà nínú tó lè bá a ṣorí kunkun. Àwa èèyàn tí a ò ní wáyà nínú ni kò mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ọmọbìnrin kan ló fẹ́ràn: Fáìzàh, ọmọ Alhaji Mùtàlíbù oníṣòwò pákó. Alhaji yìí ti kó kúrò ní agboolé wọn láàárín ìlú lọ sí Dàda Estate, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kó kúrò nídìí ẹ̀rọ ìlagi. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Tí Alhaji bá ń sọ àṣírí, àwọn ará ojúlé kẹta á ti máa mi orí.

Fáìzàh fẹ́ Akíndélé. Ìyá rẹ̀, Alhaja Àpìkẹ́, kò kọ̀ ọ́. Alhaji nìkan ni kò tíì sọ nǹkan kan. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó tún jẹ́ ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, tó wá fẹ́ ọmọ Mùsùlùmí Òṣogbo, ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀ ni. Ìgbà tí Akíndélé bi í pé ṣé kí àwọn òbí òun máa bọ̀, Alhaji ní kó fara balẹ̀, ìwà ni òun ṣì ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwà yẹn sọ́kàn.

Kò pẹ́ sí i ni Alhaji ra tẹlifóònù tuntun, irú èyí tí kò ní wáyà, tó jẹ́ pé èèyàn lè gbé e kiri bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n. Ta ni wọn ì bá pè wá de é bí kò ṣe ẹni tó ń wá ojúure?

Akíndélé gun òrùlé, ó gbé èríàlì gíga sórí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀, ó ṣàlàyé fún wọn bí tíṣà. Ó ní èyí tó jókòó sórí tábìlì yẹn, tí wáyà ìta wọ inú rẹ̀, ni ìyá. Àwọn méjì tí wọ́n á máa gbé kiri ni ọmọ. Alhaji á mú ọ̀kan lọ sídìí pákó, Alhaja á mú èkejì. Ọmọ kankan kò lè sọ̀rọ̀ àyàfi kó gba ara ìyá kọjá, ìyá náà kò sì ní dá ọmọ kankan lóhùn àyàfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ náà hàn án. Èèyàn á gbé ọmọ lé ìyá, á tẹ nọ́ńbà àṣírí tí onílé nìkan mọ̀, ìyá á ké pín-ín. Ó ti gba ọmọ nìyẹn.

Ó ní òdo nìkan ni nọ́ńbà àṣírí tó wà nínú gbogbo wọn láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n wá. Bí èèyàn kò bá pààrọ̀ òdo yẹn, gbogbo ọmọ àlè àdúgbò ló lè wá mu ọmú níbẹ̀.

Alhaji ní kó bá òun mú nọ́ńbà kan, pé òun ní igi tí òun fẹ́ lọ là. Alhaja Àpìkẹ́ kò ní igi tó fẹ́ là ní tirẹ̀. Ó dúró tì í.

“Akíndélé, ta ló máa mọ nọ́ńbà yìí?”

“Ẹ̀yin àti Ọlọ́run nìkan ni, mà.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mo ti gbàgbé ẹ̀, mà.”

“Èyí tó o ṣì ń tẹ̀ lọ́wọ́ yìí?”

Akíndélé rẹ́rìn-ín. Alhaja kò rẹ́rìn-ín.

Títí di ibi tí a bá a dé yìí, kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Akíndélé ní ọmọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó fi ara àwọn fóònù tó ti kú tò jọ. Nǹkan náà ń gbọ́rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, àfi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́ tó ti bàjẹ́. Ó mú un wá láti fi dán èríàlì wò, pé ṣé á dé Òkè-Fíà. Ó fi í han ìyá, ìyá ké pín-ín. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó pe Fáìzàh láti ibẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara bíi pé wọ́n jọ jókòó. Inú rẹ̀ dùn. Ó padà wá kí ó lè pa ọmọ kẹta rẹ́ kúrò lára ìyá. Bọ́tìnnì kan péré ni.

Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì yẹn nígbà tí Fáìzàh gbé omi tútù wá fún un. Ó mu omi náà. Ó wo Fáìzàh. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó ní ìwà ni òun ń wò, tí kò sì sọ irú ìwà tó ń wá. Ọkàn kan ní, “Pa á rẹ́.” Ọkàn kejì ní, “Bí o bá mọ ohun tí bàbá yìí ń fẹ́, ṣé kò ní rọrùn fún gbogbo wa?” Ẹ kíyè sí “gbogbo wa” yẹn. Ọkàn kejì èèyàn máa ń ṣe bíi pé mọ̀lẹ́bí ni.

Ó dá ife padà, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó gbé ọmọ kẹta sápò.

Àwọn àgbà ní ògiri létí. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí etí ògiri á ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Fíà.

Iná pupa kékeré kan wà lórí ọmọ yẹn. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ní Dàda Estate tàbí nídìí pákó, á tàn. Lọ́jọ́ kejì ó tàn, Akíndélé sì gbé e sétí. Alhaji ló ń bá àbúrò rẹ̀ Kàmál sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣòwò ní Ìlọrin. Ó ń ráhùn pé àádùn gidi ti tán láyé, pé èyí tí wọ́n ń tà báyìí, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Akíndélé dé ilé pákó pẹ̀lú àádùn tí wọ́n pò fún un ní Iléṣà, èyí tí epo rẹ̀ ń dán. Ó ní ó kàn wá sí òun lọ́kàn ni. Alhaji tọ́ ọ wò, ó di ojú, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ná.

Wọn kì í pa ẹ̀rọ yẹn fún kọmíṣánnà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́ tí Alhaja ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé orúnkún ń dun òun, ó gbé òróró tí wọ́n fi ń wọ́ra dé. Alhaja bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní òun kàn rí i lára ìrìn wọn ni, bẹ́ẹ̀ orí ìjókòó ni Alhaja wà láti ìgbà tó ti wọlé. Ó gbọ́ tí Fáìzàh ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sikirat pé bàtà àwọ̀ ewé kan wà tí òun rí, tí òun ò lè gbàgbé. Bàtà àwọ̀ ewé dé, ó sì bá ẹsẹ̀ mu, torí wọ́n sọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ náà lórí fóònù.

Kí ni Alhaji ó ṣe bí kò ṣe kó máa yangàn? Ó ní ọmọ yìí ríran. Ó ní àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà ní ẹ̀bùn, àwa ni a ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà rìn ní Dàda Estate débi pé Ìyá Julianah, tó ń gbé ojúlé kejì, wá bá Akíndélé ní ṣọ́ọ̀bù pé ewúrẹ́ òun sọnù, kó bá òun wo ibi tó wà.

Akíndélé wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ewúrẹ́ kì í lo fóònù. Ó ní, “Màmá, ibi tó wà náà ló wà.”

Ìyá Julianah dúpẹ́. Wọ́n rí ewúrẹ́ náà nírọ̀lẹ́, ó sì wà níbi tó wà lóòótọ́. Òkìkí Akíndélé tún pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ń gba eruku, òun ń dúró de iná pupa bí ẹni ń dúró de ìyàwó. Ó gbàgbé nǹkan kan ṣoṣo: ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ ọ.

Ilé Bàbá Amos ní Iléṣà, ọmọ tó bá gbọ́ àdúrà tí kò ṣe àmín, kò ní jẹun. Láti kékeré ni wọ́n ti gbìn ín sí i lára. Bí èèyàn bá ń gbàdúrà níwájú ọ̀nà tí Akíndélé ń kọjá, á ṣe àmín kó tó bèèrè pé ta ni wọ́n ń ṣe é fún. Alhaji Mùtàlíbù ní tirẹ̀ kò lè parí ọ̀rọ̀ kankan lórí fóònù láì gbàdúrà. Àwọn méjèèjì ti ń wá ara wọn bọ̀ látọjọ́ yìí.

Ọjọ́ kan báyìí, Kàmál fẹ́ rìnrìn àjò lọ ra ọjà. Alhaji ń ṣàdúrà fún un: Ọlọ́run á mú un lọ, á mú un bọ̀, mọ́tò kò ní dojú dé. Kàmál ń dáhùn. Àdúrà náà gùn, ó dùn, ó ń wọra. Ìgbà tí Alhaji dé ibi tó ti ní “Ọlọ́run á pa ẹ́ mọ́ lójú àwọn ọ̀tá,” àmín méjì ló dáhùn. Ọ̀kan ti Ìlọrin wá. Ìkejì ní, “Àmín, ní orúkọ Jésù.”

Alhaji yọ fóònù kúrò létí, ó wò ó.

Kàmál ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi Alhaji pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló gba ìgbàgbọ́ nílé yín?”

Alhaji ní kò sí ẹnì kankan. Ó ní òun nìkan ni òun wà nídìí pákó, igi ni ìyókù. Ó sọ tẹlifóònù sílẹ̀, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé, ó ní àlùjọ̀nnú ti wọ inú ìyá fóònù. Ohun tó sì ń dun òun jù ni pé onígbàgbọ́ ni àlùjọ̀nnú ọ̀hún. Nínú gbogbo àlùjọ̀nnú tó wà láyé, èyí tí kò kírun ló wá jókòó sí pálọ̀ òun.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Akíndélé pé kó wá wò ó.

Ó dé pẹ̀lú irinṣẹ́, ó tú ìyá, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó mi orí bíi dókítà. Ó ní ohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà nítòsí ló ṣèèṣì ya wọ inú ìlà wọn, pé atẹ́gùn ló fà á. Alhaji ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alhaja Àpìkẹ́ bèèrè irú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè. Akíndélé ní àwọn tó ń gbààwẹ̀ ni.

Bọ́tìnnì yẹn tún wà níwájú rẹ̀. Ó lè pa ọmọ kẹta rẹ́ níbẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ parí, kó sì gbé ìyàwó. Àmọ́ ó ti gbọ́ tí Fáìzàh ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá Sikirat sọ nípa òun àti Akíndélé. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ló máa ti ilẹ̀kùn nígbà tí orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà?

Ó dé ìyá padà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ki aṣọ ìnujú bọ ẹnu ara rẹ̀ kí àmín má bàa tún jáde, ó gbé ọmọ kẹta sétí.

Ohun tó gbọ́ kò dùn.

“Sikirat, tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ó máa ń bi mí,” Fáìzàh ń sọ. “Á ní, ‘Fáìzàh, kí lo rò?’ Á wá dákẹ́, á máa wo ẹnu mi bí ẹni ń dúró de ìròyìn. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi ò bi èèyàn ní nǹkan rí láyé ẹ̀. Ní báyìí, Akíndélé náà ò bi mí mọ́. Gbogbo ẹ̀ ló ti mọ̀. Mi ò tíì la ẹnu, bàtà ti dé. Ó ń bà mí lẹ́rù.”

Sikirat ní àwọn kan ń wá ọkọ tó máa ra bàtà, Fáìzàh ń sá fún bàtà. Fáìzàh kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí nǹkan bá ń lọ báyìí, òun ò mọ̀ bóyá òun á lè fẹ́ ẹ.

Aṣọ já bọ́ lẹ́nu Akíndélé.

Ẹni tó bá ní làákàyè á ti mọ ohun tó kàn: kó ju ọmọ kẹta sínú odò Ọ̀ṣun, kó dákẹ́. Èyí tí Akíndélé ṣe ni pé lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ sí Dàda Estate, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi Fáìzàh ní ìbéèrè.

“Fáìzàh, kí lo rò nípa oòrùn yìí?”

Fáìzàh ní oòrùn ni.

“Kí lo wá rò nípa adìẹ yẹn?”

Fáìzàh wo adìẹ náà. Adìẹ náà wo Akíndélé. Fáìzàh bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. Ó ní ara òun yá, pé ó kàn wu òun láti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, kó sọ ọ́.

“Mo ń wo ẹnu ẹ bí ẹni ń dúró de ìròyìn ni,” ó sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́.

Fáìzàh dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Akíndélé. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún, àná ló sọ ọ́ jáde, etí ẹnì kan ṣoṣo ló sì sọ ọ́ sí. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ní òun fẹ́ lọ wo ohun tó wà lórí iná. Inú yàrá ìyá rẹ̀ ló gbà lọ.

Alhaja Àpìkẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó ń wọ́ òróró sí orúnkún rẹ̀, òróró Akíndélé náà ni. Ó dé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mo ti rò ó,” ni ó wí. “Àlùjọ̀nnú tó ń ṣe àmín nílé yìí, Ìjẹ̀ṣà ni.”

Ìyá àtọmọ kò pariwo. Wọn kò sọ fún Alhaji, nítorí ẹni tó bá sọ fún Alhaji ti sọ fún Òṣogbo. Lọ́jọ́ kejì, Fáìzàh gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Fíà. Nígbà tí Alhaja fojú bù ú pé á ti débẹ̀, ó gbé tẹlifóònù, ó pe Kàmál ní Ìlọrin. Ní ṣọ́ọ̀bù, iná pupa tàn. Akíndélé kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ki aṣọ bọ ẹnu, ó gbé e sétí.

Alhaja kí Kàmál, ó kí àwọn ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ. Ó wá ní àdúrà ni òun fẹ́ ṣe.

“Ọkọ mi, Ọlọ́run á bá wa ṣe é.”

Kàmál ní àmín. Akíndélé ge aṣọ jẹ.

“A ò ní rí ìtìjú.”

Kàmál ní àmín. Òógùn bo Akíndélé.

“Àna wa Akíndélé, ọmọ dáadáa, Ọlọ́run á gbé e ga. Á kọ́lé, á bímọ. Ọjọ́ ìyàwó ẹ̀, òjò ò ní rọ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, èwo ni kéèyàn tún ṣe? Wọ́n pè é ní àna. Wọ́n fi ilé sí àdúrà náà. Akíndélé yọ aṣọ kúrò lẹ́nu, kí àmín náà lè jáde dáadáa, ó ní, “Àmín o, ní orúkọ Jésù.”

Alhaja kò yí ohùn padà.

“Akíndélé.”

“Mà.”

“Níbo lo wà?”

“Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mà.”

“Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni, mà. Ẹ kú ilé, mà. Orúnkún yín ńkọ́?”

Ìgbà tó dé orúnkún ni orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹnu rẹ̀. Láti Ìlọrin, Kàmál ti bú sẹ́rìn-ín, ó ń wú ikọ́. “Ìyàwó wa,” ni ó wí, “àlùjọ̀nnú yín mọ ìwà hù gan-an. Ó mà ń kí èèyàn.”

Akíndélé yí padà láti wá ibi tó máa sọ nǹkan náà sí. Fáìzàh ló dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bàtà àwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láàárín àwọn rédíò tó ti kú, ó gba ọmọ kẹta lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀.

“Màámi, mo ti rí ọmọ kẹta.”

Bàbá Amos ti Iléṣà dé láti bẹ̀bẹ̀. Ó dé fìlà tó máa ń dé lọ sí ìpàdé àgbà ìjọ, ó jókòó sí pálọ̀ Alhaji, tòun ti ìyá fóònù ń wo ara wọn. Bínú bá bí bàbá yìí, èdè Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló máa ń gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní ulé ẹni ẹlẹ́ni ló lọ fetí kọ́, ẹni tí kì í tiẹ̀ dáhùn tí wọ́n bá ń pè é ní ulé tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Alhaji, ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn ún yani lẹ́nu. Ó ní àádùn yẹn dùn. Ó ní ká ní kò dùn ni, ìbínú òun ì bá mọ níwọ̀n. Ó wá ní ìwà ni òun ń wò, òun sì ti rí i. Òun ti sọ fún ìyá Fáìzàh níjelòó, nídìí oúnjẹ, pé kí wọ́n ní kí àwọn òbí ọmọ náà máa bọ̀.

Akíndélé gbé orí sókè. “Ẹ ti gbà, sà?”

“Mo ti gbà.”

“Mi ò gbọ́ ọ, sà.”

“Ibo lo ti máa gbọ́ ọ? Ojúkojú la sọ ọ́.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Akíndélé jí gbọ́ láti ọjọ́ yìí, ti àádùn, ti orúnkún, ti bàtà, ọ̀rọ̀ pálapàla ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń wá, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ síra wọn lórí ẹ̀bà.

Alhaji ní bó ti wù kó rí, òun kọ́ ni òun máa bá a gbé. Kó bi ẹni tó ni ara rẹ̀. Akíndélé kúnlẹ̀ níwájú Fáìzàh, ó sì bi í ní ìbéèrè tí ì bá ti máa bi í látọjọ́ pípẹ́.

“Fáìzàh, kí lo rò?”

Fáìzàh wò ó títí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìgbà tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ lo tó rántí pé mo lẹ́nu,” ni ó wí. “Rárá ni mo rò.”

Ó dìde, ó wọlé.

Alhaja Àpìkẹ́ kò jẹ́ kí àánú ṣe òun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní kí Akíndélé wá fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ọmọ àlè rẹ́ han òun. Ó fi hàn án. Alhaja fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ nọ́ńbà han òun. Ó fi hàn án. Alhaja ní ó ti tó, kí gbogbo ilé kọ ẹ̀yìn. Gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn, Bàbá Amos kọ ẹ̀yìn. Alhaji ní ṣé òun náà ni. Alhaja ní, “Ẹ̀yin gan-an ni.” Alhaji kọ ojú sí ògiri nínú ilé tó fi pákó ara rẹ̀ kọ́, ó ń gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń tẹ nọ́ńbà. Ìyá ké pín-ín.

Ó kù kí wọ́n túká. Alhaji kì í sì í jẹ́ kí èèyàn jáde nílé òun láì gbàdúrà, ìbáà jẹ́ olè. Gbogbo wọn dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kó mú Bàbá Amos dé Iléṣà láyọ̀. Lẹ́yìn náà ohùn ilé pákó padà sí i lọ́rùn.

“Ọlọ́run Ọba, fún Fáìzàh ọmọ mi ní ọkọ tó dáa ju èyí lọ.”

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ohùn kan ti dáhùn, ohùn tó gbóná, tó já gaara, tó ti ọkàn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa wá.

“Àmín, ní orúkọ Jésù.”

Bàbá Amos ṣí fìlà, ó fi bojú.

Ẹ̀yin tó ń ra tẹlifóònù tuntun kiri, ẹ̀kọ́ tiyín kò ju èyí lọ: ẹni tó bá wá fi ọmọ han ìyá nílé yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un lómi tútù, kí ẹ wá ní kó kọ ẹ̀yìn. Ẹ tẹ nọ́ńbà yín fúnra yín. Kí ẹ sì máa ka ọmọ yín.

Ní ti Akíndélé, ó ṣì wà ní Òkè-Fíà, ó ń tún rédíò ṣe. Wọ́n ní tí àlùfáà bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, tí gbogbo ìjọ ń ṣe àmín, òun á di ẹnu mú, á máa gbọ́ ọ títí dé òpin ná. Ìgbà tí àwọn èèyàn bá ti jókòó tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn.

Fáìzàh lọ́kọ. Tíṣà ni ọkùnrin náà, kì í ra bàtà, ìbéèrè ni ṣáá. Àdúrà Alhaji gbà kíákíá. Kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí àdúrà tí ẹni ọ̀rọ̀ kàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín sí, kí ló tún kù tó máa dá a dúró?